Ọkọ̀ Eré-Ìje Àtijọ́ ní Ẹnu Ibodè

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé wá sílé ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn ará Nàìjíríà, láti Sókótó títí dé Kàlàbá, fi ń pe ọkọ̀ àlòkù tí a kó gba orí omi wọlé. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté, tí olówó rẹ̀ san owó ibodè, tí ìjọba sì fún un ní nọ́ńbà tuntun, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó ti di ọmọ ilé. Kò sí ẹni tí yóò tún máa bi í léèrè ìran rẹ̀, tàbí iye ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá kí ó tó dé.

Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ mìíràn wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ìbéèrè kì í tán lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ ni. Lọ́sẹ̀ yìí ó lè wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ ó lè wà ní Faransé, kí oṣù sì tó parí kí ó ti dé Ítálì. Ní ọ̀pọ̀ ibodè tí ó bá gbà kọjá, oníbodè yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò sì bi í pé: "Ìwọ ta ni? Níbo ni o ti ń bọ̀? Ọjọ́ wo ni ìwọ yóò padà sílé?" Ọkọ̀ kò ní ẹnu tí ó lè fi dáhùn, ìwé ni ó ń dáhùn fún un. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ìwé tí ó mú ọkọ̀ kan kọjá ibodè láìsí ìyọnu lè sọ ẹni tí ọkọ̀ náà jẹ́ ní tòótọ́?

Kí ó má ba à ya òǹkàwé lẹ́nu pé irin ogbó ń rìnrìn àjò tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń wá kiri. Ní Yúróòpù, àwọn ènìyàn wà tí wọn kò gbà pé kí ọkọ̀ eré-ìje lọ jókòó sí ilé àkójọ ohun àtijọ́ kí ó máa gba eruku. Wọ́n fẹ́ kí ó máa sáré. Láti ọdún 1997 ni a ti ń fi ọkọ̀ àtijọ́ díje ní àwọn òpópónà Monaco, níbi tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti sáré nígbà èwe wọn. Ní Goodwood, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá eré kan wà tí a lò láti ọdún 1948 títí di ọdún 1966. Ní ọdún 1998 a tún un ṣí fún irú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n sáré níbẹ̀ ní ìgbà náà. Ní Ítálì, eré tí wọ́n ń pè ní Mille Miglia, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún máìlì kan, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1927, ó sì dópin ní ọdún 1957 lẹ́yìn ìjàm̀bá tí ó pa awakọ̀ àti òǹwòran. Nígbà tí a tún un gbé dìde ní ọdún 1977 fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́, irú ọkọ̀ tí ó bá ti bá wọn kópa láàárín ọdún 1927 sí 1957 ni wọ́n ń gbà wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, ìtàn ọkọ̀ ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìtàn, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, òde ni yóò dúró sí.

Ọkọ̀ eré-ìje kò sì dà bí ọkọ̀ tí olùkọ́ ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní fìtílà, wọn kò ní fèrè, ìjọba kankan kò sì forúkọ wọn sílẹ̀ rí láti rìn lójú títì. Inú ọkọ̀ ńlá ni a ń gbé wọn sí bí ẹni gbé ẹṣin olówó iyebíye. Nítorí náà, lójú oníbodè, ọkọ̀ eré-ìje kì í ṣe ọkọ̀ arìnrìn-àjò, ẹrù ni. Ẹrù ni oníbodè sì ń gba owó lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ọkọ̀ kan bá tó mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, tí a sì ní kí olówó rẹ̀ san owó ibodè àti owó-orí lé e lórí ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti fẹ́ sáré fún ọjọ́ méjì, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹ gbèsè. Èyí ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ìwé tí a lè pè ní ìwé àlejò. Oríṣi méjì ni ó lókìkí jù lọ. Èkíní ni Carnet de Passages en Douane, tí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ń fún ẹni tí ó fẹ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ gba ojú títì la ilẹ̀ àjèjì kọjá. Èkejì ni Carnet ATA, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Brussels ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1961, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1963. Ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà mẹ́ta náà yóò dùn mọ́ olùkọ́ èdè nínú, nítorí èdè méjì ni a pò pọ̀ níbẹ̀: Admission Temporaire ti Faransé, àti Temporary Admission ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, èyíinì ni gbígba àlejò fún ìgbà díẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ní ìlú ẹni ni ó ń fúnni ní ìwé ATA yìí, kò sì lè lò ju ọdún kan lọ. Kí wọ́n tó fi lélẹ̀, olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wá ohun ìdúró tí a lè gbà bí ó bá ṣẹ̀ sí òfin. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà jẹ́ aláwọ̀ ewé. Nínú rẹ̀, ewé ìwé aláwọ̀ ìyeyè wà fún jíjáde kúrò nílé àti pípadà sílé. Ewé funfun wà fún wíwọ ilẹ̀ àjèjì àti jíjáde níbẹ̀. Ewé aláwọ̀ ojú ọ̀run sì wà fún ilẹ̀ tí a kàn fẹ́ gbà kọjá. Ní ibodè kọ̀ọ̀kan, oníbodè yóò lu òǹtẹ̀, yóò fa ewé kan ya, yóò sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé fún ẹ̀rí. Bí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo bá dín nígbà tí ọdún bá yípo, ilẹ̀ àjèjì yóò sọ pé ọkọ̀ náà kò jáde lọ́dọ̀ àwọn rí, wọn yóò sì béèrè owó ibodè, owó-orí àti owó ìtanràn, ìbáà ṣe pé ọkọ̀ náà ti wà nínú ọgbà olówó rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde kúrò nínú ọjà kan ṣoṣo ti Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àwọn eléré ọkọ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìsí wàhálà fún bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ti tún padà sí ẹnu ẹ̀kọ́ òǹtẹ̀ lílù.

Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni a ń kọ sínú ìwé náà. Ẹ́ńjìnnì tí a mú dání bí àpòjù, táyà, irinṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, iye owó rẹ̀, ilẹ̀ tí a ti ṣe é, àti nọ́ńbà ara rẹ̀ bí ó bá ní. Bí ẹ́ńjìnnì bá fọ́ lójú eré, mẹkáníìkì kò gbọ́dọ̀ jù ú sí àárín pàǹtí irin níbẹ̀ kí ó sì máa lọ sílé. Òkú ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ padà sí ilé bí ó ti jáde, nítorí ìwé ti jẹ́rìí pé méjì ni ó lọ, méjì ni ó sì gbọ́dọ̀ bọ̀.

Nígbà tí oníbodè bá ṣí ìwé, nọ́ńbà ni ó ń wá. Mélòó ni ó mọ̀ nínú ìtàn eré ọkọ̀? Kò mọ ẹni tí ó wà á ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, kò sì mọ irú ọ̀dà tí ó wà lára rẹ̀ nígbà náà. Ó ń wá nọ́ńbà tí ó wà lára ṣáásì, èyíinì ni egungun irin tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́, orí àwo irin pẹlẹbẹ kan, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ni a kọ nọ́ńbà náà sí, ìṣó kéékèèké mélòó kan ni a sì fi kàn án mọ́ ara ọkọ̀. Bí nọ́ńbà ara àwo bá ti bá ti inú ìwé mu, òǹtẹ̀ á balẹ̀, ọ̀nà á là.

Níbi àwo irin kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ gbé dorí kodò.

Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn ẹgbẹ́ eléré ọkọ̀ a máa lọ láti ilẹ̀ kan dé èkejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìgbà ẹ̀rùn. Ìwé ibodè wọn ti wà ní sẹpẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú. Bí ọkọ̀ kan bá forí sọ igi ní ọjọ́ Àìkú, àwọn mẹkáníìkì yóò padà sílé, wọn yóò sì fi òru pọ̀ mọ́ ọ̀sán láti to òmíràn pọ̀ kí eré tí ń bọ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ráyè lọ tọrọ ìwé tuntun fún ọkọ̀ tuntun? Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ni pé wọ́n tú àwo nọ́ńbà kúrò lára ọkọ̀ tí ó kú, wọ́n sì kàn án mọ́ ara èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí ọkọ̀ méjì bá wà tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ní ìwé, èyí tí ó yá níbẹ̀ ni wọn yóò wọ aṣọ ìwé náà fún. Wọn yóò gbé e dé ibodè, oníbodè yóò yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà yóò bára mu, òǹtẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Lójú wọn, èyí kì í ṣe olè jíjà. Iṣẹ́ ń pè wọ́n, ọkọ̀ ojú omi kò sì ní dúró dè wọ́n. Bí ọdún bá sì parí, ọkọ̀ eré-ìje tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ kò ju irin àlòkù lọ. Wọn a máa tà á ní ìwọ̀nba owó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́. Kò sí ẹni tí ó rò ó nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí irin wọ̀nyí yóò di ohun tí àwọn olówó ayé ń jìjàdù lé lórí ní gbàǹjo.

Ọjọ́ náà dé. Lẹ́yìn ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, ẹnì kan lè rí ṣáásì wíwọ́ kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi ẹ̀rí hàn pé òun ni ọkọ̀ tí ó gba eré báyìí ní ọdún báyìí kí ó tó forí sọ igi. Ẹlòmíràn sì wà ní ilẹ̀ kejì tí àwo nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lára ọkọ̀ tí a fi rọ́pò, tí òǹtẹ̀ àwọn oníbodè sì ń jẹ́rìí fún un. Àwọn méjèèjì ń pe ara wọn ní orúkọ kan náà. Èkíní ní egungun, èkejì ní orúkọ. Èwo ni ọmọ, èwo sì ni àpèjẹ́? Ìyẹn ni pé ìwé tí a ṣe kí ọkọ̀ kan má ba à di ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, òun gan-an ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pàrọ̀ orúkọ.

Lónìí, ìwé tí ọkọ̀ àtijọ́ ń gbé kiri ti pọ̀ sí i, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní ìbéèrè tirẹ̀. Àjọ FIA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1904 tí ó sì ń ṣe àkóso eré ọkọ̀ ní gbogbo àgbáyé, ní ìwé kan tí ó ń sọ irú ẹ̀yà ara tí ọkọ̀ ní, kí ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje láìsí ìrẹ́jẹ. Ìwé náà ń sọ bí ọkọ̀ ṣe rí. Kò ṣe onígbọ̀wọ́ ìtàn rẹ̀. Àjọ FIVA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1966, ní káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀ fún ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn oníbodè Yúróòpù máa ń dín owó kù fún ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún gẹ́gẹ́ bí ohun àkójọ tí ó níyì nínú ìtàn, bí a kò bá ti yí ṣáásì, bíréèkì, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà jù. Bí ọkọ̀ bá ti lé ní ọdún 75, tí iye rẹ̀ sì ju 50,000 owó yúrò lọ, kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láìgba àṣẹ, nítorí ó ti di ogún àṣà bí ère àti àwòrán. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún 25 ti bọ́ lọ́wọ́ òfin ààbò tí ó de ọkọ̀ tuntun. Ní Australia, òfin ti de asbestos láti òpin ọdún 2003, bẹ́ẹ̀ sì ni irú nǹkan yìí ni wọ́n fi ń ṣe bíréèkì láyé àtijọ́. Ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò ní í lára mọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń takora. Ibodè kan ń sọ pé, "Má ṣe pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ, kí n lè gbà pé ìwọ ni." Ibodè kejì ń sọ pé, "Pààrọ̀ ohun tí a bí mọ́ ọ, kí n tó gbà ọ́ wọlé." Gbogbo wọn ń béèrè ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n bí ṣáásì bá jẹ́ ti ọdún 1930, tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti ọdún 1932, tí a sì lu ara rẹ̀ tuntun ní ọdún 1990, ọjọ́ wo ni a ó kọ sílẹ̀ pé a bí i?

Bí ìwé bá tilẹ̀ rú ni lójú, ó sàn ju kí ìwé má sí rárá lọ. Ìtàn àwọn ọkọ̀ Auto Union fi èyí hàn. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin ní Jámánì, Audi, DKW, Horch àti Wanderer, ni wọ́n para pọ̀ di Auto Union ní ọdún 1932. Ní ìlú Zwickau ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ eré-ìje aláwọ̀ fàdákà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, ohun tí ojú kò tíì mọ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ọjọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun lórí Jámánì, Tazio Nuvolari fi ọ̀kan nínú wọn gba eré ní Belgrade. Òun ni eré ńlá ìkẹyìn tí wọ́n sá. A kó àwọn ọkọ̀ náà pamọ́ sí ibi ìwakùsà kan ní Zwickau. Ní ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Soviet rí wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí ilé wọn gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun.

Ogun ni ó kó wọn kọjá ibodè, ogun kì í sì í lu òǹtẹ̀. Kò sí ìwé tí ó sọ nọ́ńbà èyí tí ó lọ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. A pín wọn fún àwọn ilé iṣẹ́ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè yẹ̀ wọ́n wò. A tú òmíràn palẹ̀, a sì gé òmíràn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ní ọdún 1976, ọ̀kan tí ó wà ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Moscow kù díẹ̀ kí a sọ ọ́ di pàǹtí. Ẹgbẹ́ àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ní Latvia ni wọ́n gbà á là tí wọ́n sì gbé e lọ sí Riga. Nígbà náà, Moscow àti Riga wà lábẹ́ ìjọba kan. Kò sí ibodè láàárín wọn. Ní ọdún 1991, Latvia di òmìnira, ọkọ̀ náà sì bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn láìsún kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ni ó padà sí ọwọ́ Audi ní Jámánì, tí a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan fún àwọn ará Riga. Ọ̀kan ń bẹ níbí, ọ̀kan ń bẹ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nítorí pé a sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nípa èyí tí í ṣe ẹ̀dà, kò sí ìjà.

Ti àwọn méjì mìíràn kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Tọkọtaya kan tí ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún wá wọn kiri ní Rọ́ṣíà àti Ukraine nígbà tí ìjọba Soviet ń lọ sí òpin. Wọ́n rí ṣáásì níhìn-ín, wọ́n rí ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún, wọ́n rà wọ́n ní wẹ́wẹ́, wọ́n sì kó wọn jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti tún wọn tò pọ̀ di odindi ọkọ̀ méjì tí ó ń sáré. Ní ọdún 2007, ilé gbàǹjo Christie's múra láti ta ọ̀kan nínú wọn ní Paris, gbogbo ayé ọlọ́kọ̀ sì ti ń retí pé owó rẹ̀ yóò ga ju ti ọkọ̀ èyíkéyìí lọ. Kí ọjọ́ títà tó pé, ìbéèrè dìde nípa eré tí ṣáásì náà sá gan-an kí ogun tó dé. Wọ́n dá títà náà dúró. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ọkọ̀ náà kì í ṣe Auto Union. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni pé Auto Union wo ni. Ọdún mẹ́fà ogun àti ọdún márùndínláàádọ́ta ìdákẹ́jẹ́ ti gé okùn ìtàn rẹ̀ já, kò sì sí ìṣó tí a lè fi kàn án padà.

Ǹjẹ́ kí ni ó ń sọ ohun kan di ara rẹ̀? Ilé ẹjọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 1990. Ọkọ̀ Bentley kan ni ọ̀rọ̀ dá lé, èyí tí a mọ̀ sí Old Number One. Ó gba eré wákàtí 24 ti Le Mans ní Faransé ní ọdún 1929, ó tún gba á ní ọdún 1930. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni a ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀. Ní ọdún 1932 a fi ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá sí i. Ní ọdún náà gan-an ni ó bọ́ sílẹ̀ lórí òkè pápá eré Brooklands, tí awakọ̀ rẹ̀ sì kú. A tún un ṣe, a sì fún un ní ara tuntun tí ó ní òrùlé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ kan gbà láti rà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn. Nígbà tí ó yá, olùrà kọ̀, ó ní èyí kọ́ ni ọkọ̀ tí ó gba Le Mans, nítorí pé ohun tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀ láti ìgbà náà kò tó nǹkan. Olùtà gbé e lọ sí kóòtù.

Adájọ́ Otton gbọ́ ẹjọ́ náà láti ẹnu àwọn àgbà nídìí ọkọ̀. Ó gbà pé ọkọ̀ náà kì í ṣe ti àtètèkọ́ṣe, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a ń wí ni irin tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ó dájọ́ pé òun ni Old Number One ní tòótọ́. Kò sí ọjọ́ kan nínú ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó pa rẹ́ tí òmíràn sì gba ipò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó yí padà, lójú àwọn ẹlẹ́rìí, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn láyé tí ó lè dìde pe orúkọ náà mọ́ ara rẹ̀.

Ìdájọ́ yìí kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Agbo ilé kan lè wà ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà àwọn baba ńlá. Ewéko ni a fi bo òrùlé rẹ̀ rí, páànù ni ó wà lórí rẹ̀ lónìí. Ògiri amọ̀ rẹ̀ ti wó, a ti fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn. Gbogbo àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ti di ẹni ilẹ̀. Síbẹ̀, ilé náà ni, orúkọ rẹ̀ kò sì yí padà, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí ó ṣófo. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà ni, kì í yẹ amọ̀ wò. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni yóò bi léèrè. Àwọn àgbà ló sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Èyí ni ó fi yé wa pé kì í ṣe irin ni ó ń gbé orúkọ ró, kì í sì í ṣe ìwé nìkan. Ẹ̀rí tí kò já ni. Ìwé dára bí ó bá jẹ́ ẹ̀rí òtítọ́ tí ẹnì kan kọ ní ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì kan ní ọdún 1957 bá tú àwo nọ́ńbà lára ọkọ̀ kan tí ó sì kàn án mọ́ òmíràn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó fi ṣe é, ó sì rí ọkọ̀ ojú omi bá. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kò tíì bí ní ọjọ́ náà ni yóò lọ wíjọ́ ní kóòtù nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi kálàmù kọ gbólóhùn kan péré sínú ìwé ilé iṣẹ́ pé, "Lónìí, mo gbé nọ́ńbà yìí kúrò lára ọkọ̀ tí ó fọ́, mo fi í sára tuntun," ìjà ì bá má sí.

Àwọn olùkọ́ yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní rẹ́jísítà, kò sì sí olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì rí òbí tí ó wá bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ bá mi yọ ọdún méjì kúrò nínú ọjọ́ orí ọmọ yìí kí ó lè wọlé," tàbí pé, "Ẹ kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i, nítorí òun ni ó ti san owó ìdánwò." Àánú ni ó ń ṣe olùkọ́, iṣẹ́ sì ń kánjú. Kálàmù kò wúwo. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò dàgbà. Yóò gba ìwé ẹ̀rí, yóò gba ìwé ìrìnnà, yóò wọ iṣẹ́ ìjọba, yóò sì fẹ̀yìn tì. Ní ibodè kọ̀ọ̀kan tí ó bá dé, ẹnì kan yóò gbé ìwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò sì bi í pé, "Ìwọ ta ni?" Bí ìwé méjèèjì kò bá bára mu, ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí ó ní ẹnu tí ó sì lè sọ̀rọ̀ yóò dúró níbẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò ní ohùn, ìwé yóò sì máa sọ ohun tí òun kò jẹ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọkọ̀ eré-ìje lè dúró kí òtítọ́ bá a, irin ni. Ọmọ ènìyàn kò ní àádọ́ta ọdún tí yóò fi dúró. Olùkọ́ tí ó ṣí rẹ́jísítà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní sáà ni oníbodè àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ yóò bá pàdé láyé wọn. Kí ó wo ojú ọmọ dáadáa, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó bí i, kí ó sì kọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ kí ó tó lu òǹtẹ̀.